Àǹtí Onígìtá Ń Dáhùn: Ọrùn Rẹ̀ Ni Kí O Kọ́kọ́ Dì Mú

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo fà yọ lọ́tẹ̀ yìí. Ti àkọ́kọ́ ló máa gba ààyè jù, torí ohun tí wọ́n sọ fún ẹni tó kọ ọ́, wọ́n ti sọ ọ́ fún èmi náà rí, ó sì fi ìyà jẹ mí fún ọdún méje.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ta gìtá tí kò lo iná. Lọ́dún tó kọjá mo ra gìtá oníná, irú Les Paul, aláwọ̀ oòrùn tó ń wọ̀, torí ó ti pẹ́ tí ojú mi ti wà lára rẹ̀. Ojú mi fẹ́ràn rẹ̀, ọwọ́ mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá ta á fún ogún ìṣẹ́jú, ọrùn ọwọ́ òsì mi á máa ro mí, èjìká mi á wúwo. Kọ́ọ̀dù F ò tíì dún dáadáa lórí rẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ gìtá ta jù mí lọ ní ìka mi ló kúrú, kí n lọ wá èyí tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹlòmíì ní kí n fara dà á, pé ó máa mọ́ mi lára. Ṣé kí n tà á ni? Bí mo bá sì tà á, báwo ni mo ṣe máa dá èyí tó bá mi mu mọ̀?
Ọwọ́ Ń Ro Mí

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, má tíì tà á. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Gìtá tí kò bá ọwọ́ mu, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé wọn ò tò ó dáadáa, tàbí pé wọ́n tò ó nígbà kan rí àmọ́ igi ara rẹ̀ ti yí padà. Èkejì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n tò ó títí ilẹ̀ fi mọ́, ìwọ àti òun ò lè jọ gbé. Bákan náà ni àwọn méjèèjì ṣe ń dun ọwọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń ta gìtá tó dáa dànù. Nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé, "Àǹtí, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, ó ti sú mi," èyí tó pọ̀ jù, iṣẹ́ wákàtí kan ni: fáìlì kékeré, kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà, okùn tuntun, ó parí.

Kọ́ọ̀dù F, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ló tú àṣírí tìrẹ. Ṣe nǹkan kan fún mi. Tẹ F yẹn bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́, má yí ìka kankan padà, kí o wá sún gbogbo rẹ̀ síhà ara gìtá títí ìka ìtọ́ka rẹ á fi dé fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún (fírẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn gìtá). Kọ́ọ̀dù A nìyẹn báyìí. Ta á. Bó bá dún kedere níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé ṣe ló ń kú sí ọ lọ́wọ́ ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní, a jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ purọ́ mọ́ ìka rẹ. Ìka kan náà ló tẹ méjèèjì.

Nut ló ṣeé ṣe kó jẹ̀bi, ìyẹn egungun kékeré tó wà níbi tí ọrùn parí sí, tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gba ojú ihò lórí rẹ̀ kọjá lọ síbi tí a ti ń yí wọn. Bí wọn ò bá la ihò yẹn jinlẹ̀ tó, okùn á ga ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó bá fẹ́ tẹ F á máa tiraka bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tó há. Wò ó fúnra rẹ: tẹ okùn tó nípọn jù sí fírẹ́ẹ̀tì kẹta, kí o tẹjú mọ́ àlàfo tó wà láàárín okùn yẹn àti fírẹ́ẹ̀tì kìíní. Ó yẹ kó kéré débi pé wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, bíi sísanra bébà kan. Fi ìka kan okùn náà níbẹ̀, ó yẹ kí o gbọ́ "tín" kékeré kan bó ṣe ń kan irin. Bí àlàfo náà bá gba páálí, nut ga. Ṣe okùn márààrún yòókù bẹ́ẹ̀.

Má fi ọwọ́ ara rẹ rẹ́ ẹ o. Mo mọ̀ pé o máa rí ẹni tó ń fi hàn lórí fọ́nrán pé ó rọrùn. Bí o bá rẹ́ ẹ jù, okùn á máa gbọ̀n mọ́ fírẹ́ẹ̀tì bí eṣinṣin tó há sínú ìgò, egungun tuntun ni wàá sì wá. Gbé e fún ẹni tó ní fáìlì rẹ̀.

Bó bá ti dé ọwọ́ onítọ̀hún, ní kó bá ọ wo ohun méjì sí i. Irin gígùn kan wà nínú ọrùn gìtá tó ń jà pẹ̀lú agbára okùn, truss rod ni wọ́n ń pè é. Ọrùn kì í tọ́ gbọnrangandan, ó yẹ kó tẹ̀ díẹ̀: bí o bá tẹ okùn mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kìíní, tí o sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọrùn ti pàdé ara, àlàfo tó wà láàárín, ní nǹkan bíi fírẹ́ẹ̀tì keje, kó tó 0.25 mìlímítà tàbí kó sún mọ́ ọn. Ohun kejì ni gíga okùn ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá. Èmi máa ń fi ti okùn tó nípọn jù sí nǹkan bíi mìlímítà 2, ti èyí tó fẹ́lẹ́ jù sí 1.5. Ẹni tó bá ń fi agbára ta gìtá lè gbé e sókè díẹ̀. Gìtá tí mo bá ní mìlímítà 3, mi ò tiẹ̀ ní bi olówó rẹ̀ bóyá ọwọ́ ń dùn ún, mo ti mọ̀.

Okùn ńkọ́? O ò sọ èyí tí o lò. Bó bá jẹ́ pé èyí tí nínípọn okùn rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ jù jẹ́ 0.011 íǹṣì ló wà lórí rẹ̀, gbìyànjú 0.010, tàbí 0.009 pàápàá. Àwọn kan á ní okùn tó fẹ́lẹ́ wà fún ọ̀lẹ. Sọ̀rọ̀ Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ Black Sabbath, fún wọn. Ẹni ọdún 17 ni nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ níbi iṣẹ́ irin, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló sì fi ń tẹ okùn, torí ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe adé fún orí ìka, ó sì wá okùn báńjò sórí gìtá torí ó fẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, ó tún dẹ okùn wálẹ̀ ju bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe lọ. Ohùn Black Sabbath wúwo tó, àbí kò wúwo?

Ṣe gbogbo èyí, kí o sì fún gìtá náà ní ọ̀sẹ̀ méjì. Gbé bẹ́líìtì rẹ̀ sókè pẹ̀lú, débi pé bí o bá jókòó tàbí o dìde, ibì kan náà ni gìtá wà lára rẹ. Gìtá tó rọ̀ dé orúnkún dára nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ po. Bí ìrora náà bá sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o ò fọwọ́ kan gìtá, dókítà ni kí o lọ rí, kì í ṣe èmi.

Ti èjìká rẹ, mi ò ní tàn ọ́. Fáìlì kankan ò lè wò ó sàn. Les Paul tó wọn kílò 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ò ṣọ̀wọ́n rárá, nígbà tí Stratocaster, gìtá ilé iṣẹ́ Fender, sábà máa ń wà ní nǹkan bíi kílò 3 ààbọ̀. Gun òṣùwọ̀n tìwọ tìyẹn, kí o sọ gìtá kalẹ̀, kí o tún un gùn, yọ ìkejì kúrò nínú ìkíní. Bẹ́líìtì tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ máa pín ẹrù náà káàkiri. Bí kò bá tó, nígbà náà a lè sọ̀rọ̀ títà.

Ó kù ìka kúkúrú àti ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́. Jókòó, n ó sọ ìtàn kan fún ọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi gìtá oníná lé mi lọ́wọ́ wo ìka mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọwọ́ obìnrin, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́." Mo gbà. Kí ni mo mọ̀ nígbà yẹn? Gìtá tí mo rà, ọrùn rẹ̀ pẹlẹbẹ bíi rúlà. Ọdún méje ni mo fi ta á, ọdún méje náà ni mo fi ń fi ọwọ́ ọ̀tún ra ìdí àtàǹpàkò òsì lẹ́yìn gbogbo eré. Mo rò pé bó ṣe ń rí fún gbogbo onígìtá nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, okùn mi já nínú orin kejì, mi ò sì mú òmíràn dání. (Ẹ má dá mi lẹ́bi, mo ti dá ara mi lẹ́bi tó.) Ẹni tá a jọ ń ta gìtá na èyí tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn sí mi. Gìtá àgbà ni, ọ̀dà ti bó lára rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì nípọn bí èrúkọ́. Inú mi bàjẹ́. Mo ní ó parí fún mi lónìí. Ṣùgbọ́n orin ń lọ, ẹni tó ń lùlù ò dúró, ni mo bá ta á. Mo ta á dé orin kẹwàá. Ìgbà tí mo ń ká wáyà mi ni mo rí i pé wáyà ni ọwọ́ ọ̀tún mi ń ká lóòótọ́, pé kò wà lórí àtàǹpàkò. Mo dúró, mo pa ọwọ́ òsì dé, mo ṣí i. Kò sí ibi tó ń dùn mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju pé ọrùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù kì í kún àtẹ́lẹwọ́. Àtàǹpàkò àti ìka á wá máa fún ara wọn bí ẹ̀mú, ẹran ìdí àtàǹpàkò nìkan lá máa jìyà. Bó bá nípọn díẹ̀, gbogbo ọwọ́ á rí ohun gbé ara lé. Mi ò sọ pé bó ṣe máa rí fún ẹ nìyẹn o. Mo mọ ọkùnrin kan tó ga bí ọ̀pá, ọwọ́ rẹ̀ tóbi bí abẹ̀bẹ̀, ọrùn pẹlẹbẹ ló sì fẹ́ràn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni ò lè fi ojú wo ìka èèyàn kó mọ ọrùn tó bá a mu.

Àti pé nínípọn ọ̀tọ̀, fífẹ̀ ọ̀tọ̀. Fífẹ̀ ọrùn níbi nut lórí ọ̀pọ̀ gìtá oníná wà láàárín mìlímítà 42 àti 43. Ó dà bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìka kúkúrú mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ dé orí okùn tó nípọn jù. Lẹ́tà C, D, U àti V tí wọ́n ń kọ sínú àlàyé gìtá, bí ẹ̀yìn ọrùn ṣe rí bí o bá gé e lábùú ni wọ́n ń fi júwe. Orúkọ gìtá ò sì ní sọ èyí fún ọ. Les Paul ti 1958 àti ti 1960, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ọrùn tọdún 1958 ki dáadáa, tọdún 1960 tẹ́ẹ́rẹ́. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń ṣe oríṣi méjèèjì.

Ohun mìíràn tí ọ̀rẹ́ rẹ ò rò: gígùn okùn láti nut dé bridge, ìyẹn ibi tí okùn gbára lé lára gìtá. Ti ilé iṣẹ́ Gibson, tí Les Paul ti wá, íǹṣì 24.75 ni wọ́n ń kọ. Ti Fender, irú Stratocaster àti Telecaster, 25.5 ni. PRS, ilé iṣẹ́ mìíràn, wà láàárín, ní 25. Bí okùn kan náà bá wà lórí méjèèjì, tí wọ́n sì wà ní ohùn kan náà, ti Gibson máa fi nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún dẹ̀ ju ti Fender lọ, àlàfo fírẹ́ẹ̀tì kìíní rẹ̀ á sì fi mìlímítà kan kúrú. Torí náà, gìtá tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn ti wà lára àwọn tó kúrú. Bí o bá tà á torí ìka kúkúrú, tí o lọ ra Stratocaster torí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wàá máa na ìka síwájú sí i ni. Bó bá jẹ́ kíkúrú lò ń wá lóòótọ́, Jaguar àti Mustang ti Fender wà, íǹṣì 24.

Ká ní o ti ṣe gbogbo rẹ̀, o sì fẹ́ wá òmíràn. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Mi ò kì í so ó mọ́ sípíkà. Ohùn tó dùn máa ń tan ọwọ́ jẹ. Ṣáà so ó mọ́ sípíkà ńlá, ọwọ́ tó ń ro ọ́ á dákẹ́ fún wákàtí kan, ilé ló ti máa sọ̀rọ̀. Mo máa ń jókòó, mo máa ń di ojú, mo ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ gbé wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ orúkọ wọn. Ọrùn ni mo kọ́kọ́ ń dì mú, kí n tó ta ohunkóhun. Mo máa fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lẹ́yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ọ̀dà tó ń dán máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tó bá ń làágùn, èyí tí wọ́n fi yanrìn fá máa ń yọ̀. Mo máa fi ìka gba etí ọrùn, nítorí bí igi bá ti gbẹ sunkì, orí fírẹ́ẹ̀tì á yọ síta, á máa ya ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ta orin tí mo mọ̀ jù lọ láyé, èyí tí mo lè ta bí mo bá ń sùn. Orin tuntun ò lè sọ òótọ́ fún ọ nípa gìtá tuntun.

Mo máa lọ sókè, fírẹ́ẹ̀tì kẹẹ̀ẹ́dógún sí ìkẹtàdínlógún, kí n wò bóyá ìdí ọrùn ń dí mi lọ́nà. Mo máa fa okùn tó fẹ́lẹ́ jù níbẹ̀ títí ohùn rẹ̀ á fi gòkè ní ìṣísẹ̀ kan. Lórí Fender ayé àtijọ́, tí ojú ọrùn rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, ìyẹn èyí tí wọ́n ń kọ íǹṣì 7.25 sí, okùn tó wà nílẹ̀ púpọ̀ lè kú bí o bá fà á jìnnà. Èyí tí wọ́n kọ 9.5 tàbí 12 sí tẹ́jú jù ú lọ. Kọ́ọ̀dù lò ń tẹ̀ jù? Má yọ ara rẹ lẹ́nu lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni n ó gbé e kọ́rùn, n ó dìde, n ó sì fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ pátápátá. Àwọn gìtá kan wà, SG ti Gibson ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù, tí orí wọn máa ń dorí kodò ní kété tí o bá fi ọrùn sílẹ̀. Ọwọ́ tó yẹ kó máa tẹ okùn á wá di ọwọ́ tó ń gbé ẹrù. Wo etí ara gìtá náà pẹ̀lú. Àwọn tó ń lo Telecaster rojọ́ pé etí rẹ̀ ń gún àwọn níhà, nígbà tí Stratocaster sì jáde ní 1954, wọ́n ti gé ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ kó lè gba ikùn. Àyà àti ìhà náà ń ta gìtá.

Ogún ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Ọwọ́ rẹ máa ń ro ọ́ ní ogún ìṣẹ́jú, o ò lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta mọ̀ bóyá òmíràn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Máa lọ sílé, padà wá lọ́jọ́ mìíràn, kí o tún un dì mú. Bó bá jẹ́ òun náà lo tún yàn nígbà tí o di ojú, ó dáa, wá la ojú báyìí kí o wo àwọ̀ rẹ̀. Ti ohùn kò le: pick-up, ìyẹn ohun tó ń gbé ohùn okùn lọ sí sípíkà, ṣeé yọ, ṣeé pààrọ̀. Ọrùn tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ara bíi ti Les Paul, títí ayé ni.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, ìyáàfin. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé. Ó fẹ́ kọ́ gìtá oníná. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó fi ọwọ́ ọ̀tún ta á bíi ti gbogbo èèyàn. Kí lẹ rí sí i?
Bàbá Ọlọ́wọ́ Òsì

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ òbí, sà. Ẹ má bi í ní ìbéèrè kankan. Ẹ fún un ní ọ̀pá kan, ẹ ní kó ṣe bí ẹni ń ta gìtá, kí ẹ wo ọwọ́ tó fi ń gbọ̀n okùn tí kò sí níbẹ̀. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló ń gbọ̀n nígbà gbogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí i padà. Bó bá ń ṣe ìkan lónìí, ìkejì lọ́la, ẹ jẹ́ kó fi ọ̀tún kọ́ ọ, nítorí gìtá ọlọ́wọ́ òsì ò pọ̀ lọ́jà, ẹni tí kò rí púpọ̀ dì mú ò lè yàn dáadáa. Mark Knopfler àti Gary Moore, ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n, bíi ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì kọ́ gìtá ta. Jimi Hendrix dojú Stratocaster ọlọ́wọ́ ọ̀tún dé, ó sì to okùn rẹ̀ pa dà sí ipò. Albert King dojú tirẹ̀ dé láìto okùn pa dà, èyí tó fẹ́lẹ́ wà lókè, ìsàlẹ̀ ló ń fà á sí. Ẹnikẹ́ni ò sì rí i mú.

Fún ọmọ ọdún 11, ẹ wá èyí tí gígùn okùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 24, kó má sì wúwo.

ÌBÉÈRÈ

Àǹtí, níbi tí mo wà, kò sí ibi tí mo ti lè di gìtá mú kí n tó rà á. Íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù. Kí ni kí n béèrè?
Kò Sí Ṣọ́ọ̀bù Nítòsí

ÌDÁHÙN

Wá gìtá kan tó bá ọ mu, kódà bó jẹ́ ti ọ̀rẹ́, kí o wọ̀n ọ́n. Ohun tí o ní ní ìkáwọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, bi ẹni tó ń tà á léèrè: nínípọn ọrùn ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní àti ìkejìlá, fífẹ̀ nut, gígùn okùn, àti ìwọ̀n èyí tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ gan-an, kì í ṣe ti irú rẹ̀; igi méjì kì í wúwo bákan náà. Kó sọ iye ọjọ́ tí o ní láti dá a padà. Bí kò bá gba ìdápadà, èmi ò ní rà á.

Bó bá ní òun ò ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nínípọn, ní kó mú òwú, kó gbà á lẹ́yìn ọrùn ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní, láti etí kan dé etí kejì, kó gé e, kó sì gbé e ka orí rúlà. Ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí tó bá ọ mu. Bí òwú méjèèjì bá fi mìlímítà kan tàbí méjì jura lọ, ọwọ́ rẹ ò ní ṣe àjèjì sí i. Mo ti ra gìtá méjì bẹ́ẹ̀. Mi ò gba òwú fún ẹ̀kẹta, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.